Aago Méjì Lójú Ọ̀nà Ọ̀kà

Iṣẹ́ lẹ́tà pípín ni Bùsàrí Abọ́dẹrìn ń ṣe ní Ìkàrẹ́, láyé ìgbà tí Èkìtì ṣì wà lára Ìpínlẹ̀ Oǹdó, tí epo bẹntiróòlù máa ń wọ́n títí tí àwọn awakọ̀ á fi tẹ́ ẹní sùn sẹ́nu ilé epo. Kẹ̀kẹ́ ológeere ló fi ń ṣe iṣẹ́ náà. Bí ó bá ti kírun òwúrọ̀ tán, yóò so àpò lẹ́tà mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, yóò gba Àkùngbá, yóò yà sí Ṣúpárè bí lẹ́tà ibẹ̀ bá wà, kó tó wá dojú kọ òkè Ọ̀kà.

Ẹni tí kò gun òkè yẹn rí, kó má pe ara rẹ̀ ní ẹni tó mọ kẹ̀kẹ́ gùn. Ọ̀nà náà lọ́ mọ́ àpáta lára. Lọ́rì tó bá kó iṣu á máa kérora níbẹ̀, awakọ̀ mìíràn á ní kí èrò sọ̀ kalẹ̀ kí wọ́n fẹsẹ̀ rìn dé òkè. Bùsàrí kì í sọ̀ kalẹ̀ ní tirẹ̀. Á dìde dúró lórí pẹ́dàlì, á máa fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́, òógùn á máa kán sórí hándù, títí tí yóò fi rí òrùlé àkọ́kọ́ lókè lọ́hùn-ún. Ìdùnnú tó máa ń bá a lójú ibẹ̀ yẹn, kò rí irú rẹ̀ níbòmíràn. Limota ìyàwó rẹ̀, tó ń ránṣọ nítòsí ọjà, máa ń sọ pé ká ní obìnrin ni òkè yẹn ni, òun ì bá ti lọ bá a jà.

Orí òkè yìí ló ti pàdé Lábọ̀dé. Tíṣà ni Lábọ̀dé ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ọ̀kà, ọkùnrin gígùn tí ẹ̀rín kì í jìnnà sí ẹnu rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ni ṣéènì kẹ̀kẹ́ rẹ̀ já lágbedeméjì òkè. Nígbà tí Bùsàrí yọ sí i, ó ti jókòó sórí òkúta tòun ti táì lọ́rùn, ó di ṣéènì mú lọ́wọ́ bí ẹni tó pa ejò.

"Ṣé kò sí o, Tíṣà?" ni Bùsàrí bi í.

"Kò sí nǹkan tó ṣe èmi. Kẹ̀kẹ́ ló kú," ni Lábọ̀dé dáhùn, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

Bùsàrí wá ìṣó nínú àpò rẹ̀, ó fi òkúta lù ú wọ ojú ibi tó já, wọ́n sì jọ rọra gùn ún dé ilé Lábọ̀dé. Ìbíyínká, ìyàwó Lábọ̀dé, gbé iyán síwájú wọn. Láti ọjọ́ náà ni àwọn méjèèjì ti di ọ̀rẹ́. Mùsùlùmí ni Bùsàrí, ilé tí wọ́n ṣì ń bọ òòṣà ìdílé ni wọ́n ti bí Lábọ̀dé, èyí kò sì dí wọn lọ́wọ́ nǹkan kan. Bí Iléyá bá dé, Lábọ̀dé á ti Ọ̀kà wá jẹ ẹran ní Ìkàrẹ́. Bí wọ́n bá jẹ iṣu tuntun ní Ọ̀kà, Bùsàrí á wà níbẹ̀. Àsàmáù, ọmọ Bùsàrí, kò mọ orúkọ mìíràn tó ń pe Lábọ̀dé ju "Bàbá Ọ̀kà" lọ.

Àwọn méjì yìí ló dá Ẹgbẹ́ Oníkẹ̀kẹ́ sílẹ̀. Ìjókòó abẹ́ igi lásán ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, àwọn kan láti Ìkàrẹ́, àwọn kan láti Ọ̀kà, àgbẹ̀, télọ̀, tíṣà, ẹni tó ń ta epo pupa. Lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n á jọ gun kẹ̀kẹ́ dé Ọ̀bà, wọ́n á jẹ àkàrà, wọ́n á padà. Nígbà tí ẹgbẹ́ ń gbòòrò, wọ́n ní ó yẹ kí wọ́n ní ẹni ńlá kan lórí. Bí wọ́n ṣe lọ bá Àlàájì Tìjání nìyẹn, kọngílá tó ń kọ́ ilé fún àwọn olówó ní Ìkàrẹ́. Àlàájì gbà láti ṣe alága. Bùsàrí di akọ̀wé. Ọ̀rọ̀ ìdíje sì di ti Lábọ̀dé.

Ìdíje àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe bàjẹ́. Gbogbo wọn ló gbéra lẹ́ẹ̀kan náà, nígbà tí wọ́n sì dé Àkùngbá, ẹnì kan yẹ̀, ó ṣubú, àwọn tó wà lẹ́yìn sì wó lé e lórí. Àwọn ọmọ Ìkàrẹ́ ní ọmọ Ọ̀kà ló tì í. Àwọn ọmọ Ọ̀kà ní irọ́ ni. Kí wọ́n tó là wọ́n, wọ́n ti ń fi páǹpù kẹ̀kẹ́ lu ara wọn lórí lójú títì.

Lẹ́yìn èyí ni Lábọ̀dé mú ọ̀rọ̀ kan wá sí ìpàdé. Ó ní òun ti kà á rí, nígbà tí òun wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni, pé àwọn kan wà tí wọn kì í jọ gbéra. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń lọ. Bí ẹni àkọ́kọ́ bá ti lọ, wọ́n á dúró díẹ̀, wọ́n á ní kí ẹnì kejì lọ, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí tí wọ́n fi máa tán. Ẹni tí àkókò rẹ̀ bá kéré jù lójú ọ̀nà ló borí.

"Ẹnì kan ṣoṣo lójú ọ̀nà?" ni télọ̀ kan bi í. "Ta ló wá ń lé?"

"Aago ni," ni Lábọ̀dé wí. "Aago kì í ti èèyàn ṣubú. Aago kò sì mọ ọmọ Ìkàrẹ́ yàtọ̀ sí ọmọ Ọ̀kà."

Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Àlàájì Tìjání náà pàtẹ́wọ́, ó sì ṣèlérí kẹ̀kẹ́ tuntun fún ẹni tó bá borí.

Láti àkókò ìkórè títí di ìgbà ọyẹ́, Bùsàrí kò ní ìsinmi. Ó lọ bá ọ̀gá àwọn awakọ̀ ní gáréèjì pé kí wọ́n bá òun dá àwọn lọ́rì dúró láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ọ̀gá awakọ̀ ní kó padà wá lọ́la. Ó padà lọ títí tí ìyàwó ọkùnrin náà fi ń rẹ́rìn-ín bó bá ti rí i. Ó lọ sí tèṣàn ọlọ́pàá. Ó lọ kí àwọn baálẹ̀ tó wà lójú ọ̀nà. Òun àti Lábọ̀dé gbé ẹfun dání, wọ́n fi kun etí gbogbo ihò tó wà lójú títì kí ẹnikẹ́ni má baà já sí i. Limota gé aṣọ funfun sí wẹ́wẹ́, ó fi òwú dúdú rán nọ́ńbà sí i lára.

"Bàbá Àsàmáù," ni Limota wí lọ́jọ́ kan, abẹ́rẹ́ lẹ́nu rẹ̀, "ṣé ìwọ náà á gun kẹ̀kẹ́ lọ́jọ́ náà?"

"Èmi ni mò ń ṣètò rẹ̀. Báwo ni mo ṣe máa gùn ún?"

"Gbogbo làálàá yìí, o ò ní gùn ún?"

"Kí àwọn yòókù gùn ún, ó tó mi."

Ohun tó le jù nínú ètò náà ni ọ̀rọ̀ aago. Ọ̀kan gbọ́dọ̀ wà ní Ìkàrẹ́ níbi tí wọ́n ti ń gbéra, ìkejì gbọ́dọ̀ wà ní Ọ̀kà níbi tí wọ́n ń dé sí. Bí méjèèjì kò bá bára mu, iṣẹ́ ti bàjẹ́. Nítorí náà, láàárọ̀ kùtùkùtù ọjọ́ ìdíje, Bùsàrí àti Lábọ̀dé pàdé ní Àkùngbá tòun ti ọyẹ́. Wọ́n gbé aago ọwọ́ méjèèjì sórí ìjókòó kẹ̀kẹ́ kan, wọ́n dúró títí rédíò kékeré tí Lábọ̀dé mú dání fi kéde àkókò, wọ́n sì yí wọn ṣe déédéé. Wọ́n wo ọwọ́ tín-ín-rín tó ń ka ìṣẹ́jú àáyá bó ṣe ń jọ yí lórí àwọn méjèèjì, bí ìbejì. Lẹ́yìn náà, Lábọ̀dé fi pílásítà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ojú ọgbẹ́ lẹ kókó kékeré tí wọ́n fi ń yí aago, ti tirẹ̀ àti ti Bùsàrí, ó sì fi bírò fa ìlà wúruwùru sórí pílásítà méjèèjì, tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi sí ẹni tó lè ṣí i kó tún un lẹ̀ kó bá ara mu.

"Ó tán," ni Lábọ̀dé wí. "Ọlọ́run nìkan ló kù tó lè yí i."

Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́. Ọ̀kan kọjú sí Ìkàrẹ́, ìkejì kọjú sí Ọ̀kà.

Èrò pọ̀ ní Ìkàrẹ́ lọ́jọ́ náà. Bùsàrí dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà ẹfun pẹ̀lú fèrè lẹ́nu. Bó bá ti fun ún, ẹnì kan á lọ, òun á sì kọ àkókò ẹni náà sílẹ̀. Ọ̀jẹ̀wálé, ọmọ Ọ̀kà, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ lọ. Epo pupa ni Ọ̀jẹ̀wálé ń tà, orí kẹ̀kẹ́ ló ti ń gbé kẹ́ẹ̀gì epo láti oko lọ sókè Ọ̀kà lójoojúmọ́. Ó ti yọ kàríà ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sọnù kó lè fúyẹ́, ibi tó ti yọ ọ́ sì ń dógùn-ún. Àwọn kan fi í rẹ́rìn-ín. Ẹni tí gbogbo Ìkàrẹ́ ń retí ni Suleiman, ọmọ Àlàájì Tìjání. Òun ló gbéra kẹ́yìn, lórí kẹ̀kẹ́ eré ìje tí bàbá rẹ̀ rà fún un láti Èkó, táyà rẹ̀ tín-ín-rín, hándù rẹ̀ tẹ̀ bí ìwo àgbò. Nígbà tí Bùsàrí fun fèrè fún un, ariwo ta. Ó fò lọ bí ẹyẹ.

Bí Suleiman ṣe lọ tán, kò sí iṣẹ́ mọ́ fún Bùsàrí ní Ìkàrẹ́. Ó gun kẹ̀kẹ́ tirẹ̀, ó ń bọ̀ lẹ́yìn wọn. Ojú ọ̀nà mọ́ tónítóní. Àwọn awakọ̀ mú ìlérí wọn ṣẹ. Àwọn obìnrin Àkùngbá tó dúró sẹ́nu ọ̀nà ń pàtẹ́wọ́ fún un, wọ́n rò pé ara àwọn olùdíje lòun náà. Inú rẹ̀ dùn. Ó gbé ọwọ́ sókè sí wọn.

Ìdùnnú náà kò tíì kúrò lára rẹ̀ nígbà tó dé ìdí òkè Ọ̀kà. Ó yí ibi kọ́nà kejì, ló bá rí Suleiman. Suleiman ti sọ̀ kalẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di hándù mú, ó ń ti kẹ̀kẹ́ gòkè, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó ti bì sára aṣọ.

"Ẹ̀gbọ́n," ni Suleiman wí, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má sọ fún bàbá mi."

"Kò sí ẹni tí òkè yìí kì í mú," ni Bùsàrí wí. "Máa rọra bọ̀." Ó sì kọjá lára rẹ̀.

Nígbà tí Bùsàrí dókè, ó bá Lábọ̀dé níwájú ọgbà ilé-ìwé, aago lọ́wọ́, ọ̀pọ̀ èèyàn yí i ká. Wọ́n dúró de Suleiman. Ìgbà tó yọ, ó ti padà sórí kẹ̀kẹ́, ó ń gùn ún. Lábọ̀dé kọ àkókò rẹ̀ sílẹ̀, Bùsàrí mú tirẹ̀ jáde, wọ́n ṣírò. Ọ̀jẹ̀wálé ló ṣáájú gbogbo wọn. Suleiman ló ṣe ìkejì, nítorí pé ojú ọ̀nà tó tẹ́jú, ó sáré níbẹ̀ bí ìjì. Àwọn ará Ọ̀kà gbé Ọ̀jẹ̀wálé sókè tòun ti kẹ̀kẹ́ onípáànù rẹ̀. Kí gbogbo rẹ̀ tó parí, Bùsàrí fi ọwọ́ ara rẹ̀ bó pílásítà orí aago Lábọ̀dé. Ìlà bírò náà wà bó ṣe wà. Ó gbé aago méjèèjì pọ̀. Wọn kò fi nǹkan kan ju ara wọn lọ.

Àlàájì Tìjání ti bá mọ́tò dé. Ó fa ojú ro. Wọ́n ní kó wá fa kẹ̀kẹ́ tuntun lé Ọ̀jẹ̀wálé lọ́wọ́, ó ní rárá, ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ èsì wò. Ó ní kí wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ náà padà sínú mọ́tò òun.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun àsárì, ó pe ìpàdé sí fàráńdà ilé rẹ̀. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó wà ní Ìkàrẹ́ nìkan ló ránṣẹ́ sí.

"Wọ́n ti yí aago Ọ̀kà," ni Àlàájì wí. "Tíṣà yẹn dá a padà sẹ́yìn fún ọmọ ìlú rẹ̀, ó sì tún un ṣe kí ọmọ tèmi tó dé. Ẹni tó ń ru epo kiri ò lè yára ju kẹ̀kẹ́ tí mo rà ní Èkó lọ."

"Wọn ò yí i, Bàbá," ni Bùsàrí wí. "Mo bó pílásítà yẹn fúnra mi. Kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án."

"Pílásítà? Ṣé wọn kì í ta pílásítà ní Ọ̀kà ni?"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Bùsàrí dìde dúró. Kò fẹ́ sọ ọ́, ṣùgbọ́n kò rí ọ̀nà mìíràn.

"Bàbá, ẹ má bínú. Mo bá Suleiman lójú òkè. Ó ti sọ̀ kalẹ̀, ó ń fi ọwọ́ ti kẹ̀kẹ́. Ibẹ̀ ni Ọ̀jẹ̀wálé ti jù ú lọ. Kì í ṣe ti aago."

Àlàájì yí ojú sí ọmọ rẹ̀, tó fẹ̀yìn ti òpó.

"Suleiman, ṣé o sọ̀ kalẹ̀?"

Suleiman wo Bùsàrí lójú kòrókòró. "Mi ò sọ̀ kalẹ̀, Bàbá. Wàláì. Mi ò mọ ohun tí Ẹ̀gbọ́n ń sọ."

"Ẹ ẹ̀ rí nǹkan," ni Àlàájì wí jẹ́ẹ́jẹ́. "Wọ́n ti fún akọ̀wé wa ní iyán jẹ ní Ọ̀kà, ó ti ń purọ́ mọ́ ọmọ Ìkàrẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀."

Ẹ̀rín tún ta. Bùsàrí ní òun kò purọ́. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó tún un sọ, nígbà kẹta ẹnì kan fa agbádá rẹ̀ láti ẹ̀yìn pé, "Jókòó, ó tó." Ó sì jókòó.

Ìjókòó yẹn ló bà á jẹ́. Ká ní ó dìde, kó wọ bàtà rẹ̀, kó jáde, bóyá ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó ń rò lọ́kàn ni pé bí òun bá jáde, ẹgbẹ́ ti tú nìyẹn, iṣẹ́ òun àti Lábọ̀dé ti wọmi. Ó rò pé bí inú Àlàájì bá rọ̀, àwọn á tún un sọ, àwọn á ṣe é dáadáa lọ́dún tó ń bọ̀. Wọ́n gbé ìrẹsì àti ẹran kalẹ̀, wọ́n gbé àwo kan lé e lọ́wọ́, ó jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀. Wọ́n ní ẹgbẹ́ ti fẹnu kò pé Suleiman ló borí. Nígbà tí àáfà ṣàdúrà ìparí, pé kí Ọlọ́run fi ìbàlẹ̀ ọkàn sí àárín wọn, Bùsàrí dáhùn àmín pẹ̀lú àwọn yòókù.

Kò sí lẹ́tà Ọ̀kà lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e. Bùsàrí ní òun á dúró di ọjọ́ tí iṣẹ́ bá gbé òun lọ kí òun tó sọ fún Lábọ̀dé. Àlàájì kò dúró ní tirẹ̀. Ó ti rán àwọn méjì lọ sí ọjà Ọ̀kà láti kéde pé tíṣà yí aago, pé gbogbo ẹgbẹ́ ló fohùn ṣọ̀kan lé e lórí, àti pé Bùsàrí akọ̀wé wà ní ìjókòó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Nígbà tí Bùsàrí wá dé ọgbà ilé-ìwé náà tòun ti àpò lẹ́tà, àwọn ọmọ ń ṣeré ìsinmi. Ó gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pariwo orúkọ kan látẹ̀yìn kíláàsì, tí wọ́n sì ń sá: "Tíṣà Ayíaago! Tíṣà Ayíaago!" Lábọ̀dé wà lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì rẹ̀, ẹfun lọ́wọ́. Kò rẹ́rìn-ín. Kò sọ fún Bùsàrí pé kó jókòó.

"Lábọ̀dé, mo ti sọ òtítọ́ fún wọn. Mo sọ pé pílásítà kò ṣí. Mo sọ pé Suleiman sọ̀ kalẹ̀."

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní mo purọ́."

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

Bùsàrí tẹjú mọ́ àpò lẹ́tà rẹ̀.

"Wọ́n ní o wà níbẹ̀ títí wọ́n fi ṣàdúrà," ni Lábọ̀dé wí. "Ṣé irọ́ ni wọ́n pa?"

"Wọn ò purọ́. Nítorí ẹgbẹ́ ni mo ṣe dúró. Nítorí tèmi tìẹ."

"O dúró níbi tí wọ́n ti sọ mí di olè, o jẹun níbẹ̀?"

"Díẹ̀ ni mo jẹ."

Lábọ̀dé na ìka sí ẹ̀yìn kíláàsì. "Bùsàrí, àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ pé kí wọ́n má purọ́, àwọn ló ń pè mí lórúkọ yẹn. Bàbá mi ṣì wà láàyè ní ìlú yìí, wọ́n ń pè é ní bàbá Ayíaago." Ó na ọwọ́. "Fún mi ní lẹ́tà ilé-ìwé." Ó gbà á, ó wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Ọ̀jẹ̀wálé sọ̀ kalẹ̀ wá sí Ìkàrẹ́ lọ́sẹ̀ náà láti béèrè kẹ̀kẹ́ tó tọ́ sí i. Wọn kò jẹ́ kó wọ ọgbà Àlàájì. Bùsàrí gbọ́, ó lọ bá a lójú títì, ó sì fa kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ fún un. Ọ̀jẹ̀wálé wo kẹ̀kẹ́ náà, ó wo Bùsàrí.

"Ẹ máa gùn ún lọ, Ẹ̀gbọ́n," ló wí. "Tiyín kọ́ ló tọ́ sí mi." Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ló fi ìlú sílẹ̀. Wọ́n ní ìhà Èkó ló lọ.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Àlàájì àti àwọn èèyàn rẹ̀ ṣe ìdíje mìíràn, láàárín Ìkàrẹ́ nìkan, wọn kò sì pe ọmọ Ọ̀kà kankan. Wọn kò pe Bùsàrí náà. Akọ̀wé tuntun ti wà. Kò sí aago, kò sí ètò, mọ́tò kan kọ lu télọ̀ kan ó sì ṣẹ́ ẹ lẹ́sẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ẹgbẹ́ ṣe tú.

Bùsàrí kò fi iṣẹ́ lẹ́tà sílẹ̀. Ó ń gun òkè Ọ̀kà bó ṣe ń gùn ún tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá dókè, kò sí ohun tó ń bá a níbẹ̀ mọ́ ju àárẹ̀ lọ. Bó bá gbé lẹ́tà dé ilé-ìwé, ọ̀gá àgbà ló ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, wọ́n gbé Lábọ̀dé lọ sí Ipe. Àwọn kan ní òun fúnra rẹ̀ ló bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n gbé òun kúrò, nítorí orúkọ yẹn ti tẹ̀ lé e wọ inú ilé bàbá rẹ̀. Ní Ìkàrẹ́, àwọn tó gba Àlàájì gbọ́ ń pe Bùsàrí ní ọmọ Ọ̀kà. Ní Ọ̀kà, ọ̀tá ni wọ́n kà á sí. Àsàmáù dàgbà, ó sì dẹ́kun bíbéèrè Bàbá Ọ̀kà.

Àlàájì Tìjání kú. Suleiman gba iṣẹ́ kọngílá, ó sanra, ó di ẹni tí wọ́n ń yẹ́ sí. Nígbà tó ń sọ ọmọ kan lórúkọ, ó ránṣẹ́ pe Bùsàrí, Limota sì ní kó lọ, pé ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ jù. Bùsàrí lọ. Wọ́n ti jẹun tán, ọ̀rọ̀ wá kan kẹ̀kẹ́, bí àwọn ọmọ òde òní kò ṣe mọ̀ ọ́n gùn mọ́ láti ìgbà tí ọ̀kadà ti dé.

"Ẹ ò tíì rí nǹkan!" ni Suleiman wí, ó sì ń fi aṣọ nu ẹnu. "Òkè Ọ̀kà yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí lọ́jọ́ ìdíje. Mo bì sára! Mo sọ̀ kalẹ̀, mo ń ti kẹ̀kẹ́ bí ẹni ń ti ọmọlanke. Ẹ bi Ẹ̀gbọ́n Bùsàrí, àwọn ló bá mi níbẹ̀!"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Suleiman rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Bùsàrí nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"Kí ló dé tí o sẹ́ nígbà náà?" ló bi í.

"Há, Ẹ̀gbọ́n. Ọmọdé ni mí. Bàbá ì bá bẹ́ mi lórí." Ó na ọwọ́, ó fọwọ́ lu Bùsàrí léjìká. "Ẹ̀yin náà ṣì rántí? Ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ lásán."

Bùsàrí wọ mọ́tò lọ sí Ipe láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Kò sọ fún Limota ohun tó ń lọ ṣe. Ó béèrè ilé Lábọ̀dé títí wọ́n fi júwe rẹ̀ fún un. Ó bá a lábẹ́ igi ọsàn níwájú ilé, níbi tó ti ń bó ẹ̀gúsí sínú igbá. Irun rẹ̀ ti funfun tán. Lábọ̀dé gbé ojú sókè, ó mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀.

"Lábọ̀dé, Suleiman ti jẹ́wọ́. Níṣojú gbogbo èèyàn. Ó ní òun sọ̀ kalẹ̀. Gbogbo Ìkàrẹ́ ti mọ̀ báyìí pé o kò yí aago."

Lábọ̀dé bó ẹ̀gúsí kan, ó jù ú sínú igbá.

"Èmi náà mọ̀ pé mi ò yí i," ló wí. "Ọjọ́ náà gan-an ni mo ti mọ̀. Kí wá ni ìròyìn tí o gbé wá?"

"Mo rò pé..."

"O rò pé ọ̀rọ̀ aago ló ń dùn mí." Ó gbọ́n èèpo kúrò lọ́wọ́. "Àlàájì kì í ṣe ọ̀rẹ́ mi. Ọmọ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rẹ́ mi. Ohun tí wọ́n ṣe, mo ti gbàgbé rẹ̀. Ìwọ ni ojú mi ń rí níbi tí o jókòó sí, tí o gbé àwo dání. Mi ò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n mò ń rí i. Kò sí ẹni tó lè wá jẹ́wọ́ ìyẹn kúrò."

"Jọ̀ọ́, Lábọ̀dé."

"Mo ti gbọ́. Máa lọ sílé."

Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í bó ẹ̀gúsí. Bùsàrí yí padà, ó ń lọ. Ìbíyínká, ìyàwó Lábọ̀dé, ló sìn ín dé ojú ọ̀nà, òun náà ti darúgbó. Ó gbé omi fún un nínú kọ́ọ̀bù, ó dúró dìgbà tó mu ún tán, ó sì gba kọ́ọ̀bù náà padà.

"Bàbá Àsàmáù, ẹ ṣeun tí ẹ wá," ló wí. "Ṣùgbọ́n ẹ má wá mọ́. Bí ọkọ mi bá ti gbọ́ orúkọ yín báyìí, wọn kì í jẹun. Ó sì ti ń rẹ̀ wọ́n."

Bùsàrí ní òun ti gbọ́. Ó dúró sẹ́bàá títì láàárín àwọn obìnrin tó ń kó gààrí lọ ta, nígbà tí mọ́tò sì dé, ó wọlé sẹ́yìn, ó gbé àpò gààrí ẹnì kan lé itan nítorí pé kò sí àyè. Obìnrin tó ni àpò náà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó bi í ibi tó ti ń bọ̀. Bùsàrí ní òun lọ kí ẹnì kan tí òun mọ̀ rí, òun kò bá a nílé.